Àpótí Ìbínú Karùn-ún

Irọ́ wo? Irọ́ wo ni mo pa? Ìwọ tó o ní igi ò lè bínú, o ti gbẹ́ igi rí láyé ẹ? Àní igi tó o fi ń tayín, rírà lò ń rà á. Jókòó jàre. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bí n bá fi ẹyọ kan lé e, kí eyín tó kù lẹ́nu mi já bọ́ lónìí, mẹ́ta péré náà ló sì kù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan lọ̀rọ̀ kàn. Sọdògbó là ń pè é, torí iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó sọ ohun tuntun di ògbó. Tó bá gbẹ́ àga lónìí, kóṣù yìí tó parí, wàá búra pé orí ẹ̀ ni ìyá Nóà jókòó sí nígbà tó ń fún un lọ́mú. Á fi omi tíì tó ti kan pa igi náà lára. Á yan án lórí èéfín. Á rì í mọ́lẹ̀ tútù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, á ki ìṣó bọ iná, á fi lu ihò wínníwínní sí i lára, káyé lè rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Kòkòrò fúnra ẹ̀ bá rí ihò yẹn, á dọ̀bálẹ̀ ni, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Ẹni tó ń bá a tà á ni Ọ̀gá Gíláàsì. Ọkùnrin yẹn kì í bọ́ gíláàsì dúdú lójú, òjò ì báà rọ̀, òkùnkùn ì báà ṣú. Òun ló máa ń fi ìtàn kọ́ àwọn nǹkan náà lọ́rùn. Á kọ ọ́ sára páálí kékeré, á fi okùn so ó mọ́ ọn: "Ère yìí ti pa ọkọ mẹ́ta." "Ẹni tó bá sùn ti ọ̀pá yìí á gbọ́ ohùn òkú." Irọ́ pọ́ńbélé. Àmọ́ bí ẹ̀rù bá ṣe pọ̀ tó nínú páálí, bẹ́ẹ̀ làwọn oníbàárà ń ti ara wọn ṣubú tó.

Èyí tó jẹ́ òótọ́ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìyá Sọdògbó ló wà.

Àpótí ìjókòó kan ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò ga ju orúnkún lọ. Lábẹ́ ẹ̀, níbi tójú ò tó, wọ́n gbẹ́ ojú obìnrin kan sí i, ẹnu ẹ̀ pa dé. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Àpótí ìbínú ni wọ́n ń pè é nínú ilé náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bínú débi tọ́wọ́ ń gbọ̀n, wọ́n á gbé e fún un. Á jókòó, á sọ tinú ẹ̀ tán pátápátá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Tó bá dìde, ìbínú náà ò ní bá a dìde. Wọ́n á wá yí àpótí dà, ojú obìnrin náà á máa wo òrùlé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ láti ayé bàbá bàbá wọn nìyẹn, ẹnìkan ò la igi mọ́ ẹnìkan lórí.

Ìyá kú. Ẹ̀gbọ́n Sọdògbó, obìnrin aránṣọ, ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Sọdògbó ní òun ń bọ̀. Ère méjìlá wà lórí èéfín nígbà náà, tó bá fi wọ́n sílẹ̀ wọ́n á sán. Wọ́n sin ìyá tán, kò dé. Ọjọ́ kẹjọ ló tó yọjú, tó ń họrí, tó ní ẹsẹ̀ àpótí ìyá ti ń mì, kí wọ́n jẹ́ kóun lọ tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbé àpótí lé e lọ́wọ́, ó tilẹ̀kùn.

Oṣù méje kọjá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, oòrùn ń ta débi pé ẹyin lè jinná nínú àpò. Iná lọ. Ẹ̀rọ ayùn dákẹ́. Ẹ mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe máa ń rí nígbà tí ariwo ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú? Etí á máa wá a kiri. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá wọlé. Tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi."

"Gbé àpótí wá."

"Ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ́ n bu omi."

"Omi ni mo wá mu? Oṣù méje, mi ò rí oorun sùn. Bí mo bá ti gbórí lé ìrọ̀rí, ìwọ ni mò ń rí, ìwọ pẹ̀lú ìṣó ẹ. Mo ti rán apá aṣọ mọ́ ọrùn aṣọ tìtorí ẹ. Oníbàárà wọ̀ ọ́, ó rí bí ẹni wọ́n fẹ́ so rọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ dárí jì ẹ́. Ṣó o gbọ́? Mi ò lè dá a ṣe ni. Gbé àpótí wá kí n jókòó, kó tán lónìí."

Sọdògbó sún mọ́ aṣọ kan tó fi bo nǹkan ní kọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣe fún yín. Ọ̀gá Gíláàsì ló rí àpótí náà níbi tó ti ń tún ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe, ojú ẹ̀ ò sì kúrò lára ẹ̀ mọ́. Sọdògbó ní òun ò ní ta ohun ìyá òun láéláé, àfi kóun gbẹ́ irú ẹ̀. Ó gbẹ́ mẹ́ta. Ó fi ẹfun sàmì sábẹ́ ti ìyá, kó má bàa ṣì í mú. Nígbà tó wá ń fi epo pa àwọn tuntun, ó ní ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ pa ti ìyá náà. Epo nu ẹfun. Ó tún wò ó, ó rí i pé ihò kan ṣoṣo lé lára àwọn tuntun. Ọwọ́ ẹ̀ bá lọ mú ìṣó gbígbóná, ó lu ẹyọ kan sí ti ìyá, kí gbogbo wọn lè bára mu. Orí ẹ̀ ò sí níbẹ̀, ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó dìde tó nàró, kò mọ èwo lèwo mọ́.

Sọdògbó wá ká aṣọ náà kúrò lórí àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Èwo ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Mo ní èwo ni!"

"Wọ́n... wọ́n jọra."

"Wọ́n jọra. O wá ń tẹ ìyá ẹ jáde bí ìwé ìròyìn."

"Mo sàmì sí i. Epo ló nù ún."

"Epo. Kí ló tún kù?"

Ì bá ti dákẹ́. Kò dákẹ́. "Mo lu ihò kan sí i. Kó lè bá àwọn yòókù mu."

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò pariwo. Ohùn ẹ̀ wá sílẹ̀, ó rọ̀ bí òwú. Ẹ̀rù ìyẹn ló ba Sọdògbó jù. "O lu ohun ìyá wa nihò, kó lè jọ ayédèrú."

Ó fa àkọ́kọ́ lára wọn sún mọ́ ara. "Gbogbo wọn ni mo máa jókòó lé. Bí mo ṣe ń bínú tó yìí, èyí tó bá jẹ́ òótọ́ ò ní ríbi sá sí."

Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìsìnkú, bó ṣe jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ló bá a gbé pósí lápá òsì. Ó dìde. Ìbínú bá a dìde. Ó jókòó sí èkejì, ó sọ ti ọdún tí Sọdògbó jí àlùmọ́gàjí ẹ̀ gé okùn ẹ̀rọ ìránṣọ, kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó dìde, ìbínú ń pọ̀ sí i. Lórí ẹ̀kẹta, ariwo ẹ̀ ń gbọn àwọn ìṣó nínú agolo, ológbò mẹ́fà sá kúrò ládùúgbò, ọ̀kan ò tíì padà títí dòní. Ẹ̀kẹrin, ohùn ẹ̀ ti há. Ó dìde. Kò sí nǹkan kan. Ìbínú náà wà lára ẹ̀ bí aṣọ tútù.

"Mẹ́rin péré ni?"

"Mẹ́rin ni. Mo gbẹ́ mẹ́ta, ti ìyá ṣìkẹrin."

"Èwo wá ni tẹ̀yìn ẹ yẹn?"

Sọdògbó yíjú.

Ọ̀kan wà lẹ́bàá ògiri. Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Kò gbé e síbẹ̀. Eruku igi bo gbogbo nǹkan tó wà nínú yàrá yẹn, ó bo orí Sọdògbó fúnra ẹ̀. Kò sí eruku lára èyí. Ó fọwọ́ kàn án. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ẹ̀. Ojú obìnrin náà wà níbẹ̀.

Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀.

Títì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Kò sí mọ́tò, kò sí ọmọdé tó ń sunkún, kò sí ẹyẹ. Sọdògbó ń gbọ́ bí epo ṣe ń wọnú igi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó sí èyí."

"Ìwọ? Ìwọ lo máa sọ ibi tí mo máa jókòó sí fún mi?"

Ó jókòó.

Ó la ẹnu. Ètè ẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ ò jáde. Sọdògbó rí i tí ètè yẹn pe ìyá. Ó rí i tó pe òun, orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nígbà tó ṣì ń rákòrò. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Èjìká obìnrin náà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń sọ ẹrù fún. Ó wá dìde. Ojú ẹ̀ ti jọ̀lọ̀, bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ṣìnà wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, gbẹ́nàgbẹ́nà."

Ẹ gbọ́. "Ẹ" ló fi pè é. Àbúrò tó pọ̀n sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ẹ̀gbọ́n ta?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé bí mo ṣe gbó tó nìyẹn? Èmi nìkan ni ìyá mi bí, ọ̀gbẹ́ni." Ó tún tépù ọrùn ẹ̀ ṣe, ó bá tiẹ̀ lọ.

Sọdògbó ò sùn lọ́jọ́ náà. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀. Obìnrin yìí mọ ìyá ẹ̀. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n sin ín. Ó mọ ìwọ̀n ìbàdí gbogbo oníbàárà ẹ̀ láì wòwé. Sọdògbó nìkan ni kò sí níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé e jáde nínú fọ́tò. Ọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, bóyá inú á bí i. Ó pè é ní aránṣọ ọ̀lẹ. Ó ní aṣọ ẹ̀ ò dáa wọ̀ fún igi tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko. Ó lu àyà ara ẹ̀, ó kígbe pé, "Èmi ni mi ò wá síbi ìsìnkú ìyá yín!"

"Ẹ ò ṣáà mọ̀ wá rí," ni obìnrin náà wí. "Báwo lẹ ṣe máa wá? Ẹ gba omi tútù yìí. Oòrùn ló mú yín."

Ó gba omi náà. Ó ń mu ún, ó ń sunkún, omi méjèèjì ń pàdé lágbọ̀n ẹ̀.

Ìgbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò tíì ṣílẹ̀kùn tó fi gbọ́ ọ. Ẹnìkan ń jà nínú ilé. Ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, ó ń lọ ràì: "Olóríkunkun! Ìyá ń pè ẹ́ títí ẹ̀mí fi bọ́. Ó ní ṣé o ti dé? Mo purọ́ fún un, mo ní o ti wà lọ́nà!" Ó ṣílẹ̀kùn. Kò sí èèyàn. Àpótí márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ibi tí ohùn ti ń wá ò ṣe é ṣì mọ̀: inú karùn-ún ni.

Ọ̀gá Gíláàsì dé lọ́jọ́ kẹta láti wá kó ọjà.

"Ohùn ta nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Nínú àpótí?"

Ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni rí ojú ẹ̀, ojú kékeré bí ti eku. Inú ẹ̀ ń dùn. Ó yọ páálí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Òótọ́ ló ń kọ lọ́jọ́ yẹn, kò sì ṣe irú ẹ̀ rí. Sọdògbó gbé àáké. "Fọwọ́ kàn án! Fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi kí n rí ẹ!" Ọ̀gá Gíláàsì sáré débi pé bàtà ẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta bá a délé.

Láti ìgbà náà, Sọdògbó ò gbẹ́ nǹkan mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sán, á jókòó sílẹ̀ níwájú àpótí yẹn, wọ́n á máa bú u. Wọ́n á bú orí ẹ̀, wọ́n á bú ọwọ́ ẹ̀, wọ́n á bú ìṣó ẹ̀. Á máa dáhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi." Inú ayé yìí, ibẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń pè é lọ́mọ ìyá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ìbínú náà ń lọ lọ́wọ́. "Bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré, ìwọ..."

Ó dákẹ́. Ó dá ọ̀rọ̀ sí méjì.

Àpótí mẹ́rin tó kù pàápàá dà bí ẹni tó ń tẹ́tí.

Ohùn náà tún jáde. Kò bínú mọ́. Ó rọ̀, ó ní ọ̀wọ̀, bí ohùn ẹni tó gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyẹn?"

Sọdògbó la ẹnu...

Kí ló ní? Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbóòórùn ohun tí wọ́n ń sè nílé yìí, ẹnìkan ò sì fi abọ́ lọ̀ mí. Ẹ bu tèmi wá. Kẹ́ran ó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ má bu ti eegun.