Irin tí Wọn Kò Fọ̀

Irin kì í móoru nínú omi tútù, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun irin dúdú tó wà nínú abọ́ omi yẹn ń móoru bí abẹ́ ahọ́n.

Ìyàwó kúkú rí i. Òun ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára aṣọ èédú tó máa wọnú bátìrì. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, àbúrò ọkọ rẹ̀, dúró tì í, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Sípíríìtì ni bátìrì tí wọ́n ń ṣe máa ń mu, iná ni í fi san oore. Bí irin olówó iyebíye yẹn ò bá sí lára aṣọ, asán ni. Ọmọbìnrin ọ̀gá, tí kò ju ọmọ ọwọ́ lọ, sì wà ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Iná ìlú ti lọ. Bátìrì àtijọ́ tó gbé ẹ̀rọ náà ró ń kú lọ.

Ibo ni wọ́n ti rí irin? Òrùka ọkọ Ìyàwó ni, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Ọ̀gá ní òun bọ́ ọ lọ́wọ́ òkú kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun tó dé, ó sì fi ásíìdì yọ́ ọ. Nígbà tí Ìyàwó sunkún, Ọ̀gá ní, "Ṣé òkú ń ṣe fáàrí ni?"

Ẹni tọ́mọ rẹ̀ ń kú lọ ò mọ èèwọ̀.

"Ọkọ mi," Ìyàwó rọra sọ fún Ọ̀gá, "ẹ ò tíì fọ̀ ọ́ o."

Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyẹn. Irin tó ti wà lára èèyàn, sísè ni wọ́n ń sè é, wọn á da omi rẹ̀ nù, wọn á tún sè é, títí ohun tó fà mọ́ ọn á fi kúrò.

"Ọmọ mi ń kú, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìfọṣọ fún mi! Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre!"

Wọ́n fi irin ìlọṣọ gbígbóná tẹ aṣọ náà mọ́ inú bátìrì. Sípíríìtì wọlé. Ẹ̀rọ gbéra, ọmọ mí kanlẹ̀. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń dúpẹ́.

Àmọ́ èémí yẹn ń hanrun bíi ti àgbàlagbà. Ìyàwó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ń hanrun bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń sùn.

Ọmọ ò lajú. Ẹnu ló là, ohùn ọkùnrin sì jáde.

"Àbúrò. Mi ò tíì kú nígbà tó ò ń fa ìka mi. Mo ní kí o pe ìyàwó mi wá. O ní kí n máa sùn."

"Ẹ pa ẹ̀rọ náà!" Ọ̀gá kígbe. "Rárá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á!"

Ìyàwó ò pa nǹkan kan. Ó fa àga, ó jókòó, ó gbọ́wọ́ lé ẹnu páìpù tí sípíríìtì ń gbà wọlé, kò tíì dí i.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin náà ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ó sọ ọ́ tán."