Ta Ló Ń Kọ̀wé Lórúkọ Ẹlẹ́rìn-ín?

Ó ti pé ọdún kan tí Ẹlẹ́rìn-ín ti kú, síbẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì sí àárọ̀ ọjọ́ Ajé, igba lẹ́tà dé orí kọ̀ǹpútà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórúkọ rẹ̀: "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ilé ńkọ́? Jọ̀wọ́, ra ọṣẹ ìyàwó mi." Àwọn kan sunkún, àwọn mìíràn fẹjọ́ sùn. Ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì tí opó Ẹlẹ́rìn-ín fi ń ta ọṣẹ sílé ní tí wọn ò bá rí ọ̀daràn yìí kó tó di aago mẹ́rin, àwọn á tì í pa. Orí ìkànnì yẹn nìkan sì ni opó náà ti ń tajà.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní Farabalẹ̀, ẹni tí kì í kánjú bí òrùlé tiẹ̀ ń jó, dé ṣọ́ọ̀bù náà ní aago mẹ́wàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì ojú tó kọ́ ìkànnì náà ti ń làágùn.

"Mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀, sà! Àpótí kan ló wà níbẹ̀, 'Sọ fún Ọ̀rẹ́ Rẹ'. Oníbàárà á kọ orúkọ tirẹ̀, á kọ àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́tà á lọ. Ìpolówó ẹnu-dé-ẹnu ni."

"Ọ̀rẹ́ mélòó lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹyọ kan, sà. Kọ̀ǹpútà á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́."

Farabalẹ̀ yíjú sí opó náà. "Ta lẹ fura sí?"

"Ọlọ́ṣẹ òdìkejì títì! Ṣé ẹ rí i, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ń di ọṣẹ sínú bébà. Kò gbójú sókè.

Farabalẹ̀ pe télọ̀ kan tó gba lẹ́tà náà lórí fóònù. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni tèmi dé, ọ̀gá," ni télọ̀ wí. "Ibi kan ṣoṣo ni mo sì kọ àdírẹ́sì yẹn sí láyé mi: ìwé ìbánikẹ́dùn níjọ́ ìsìnkú Ẹlẹ́rìn-ín."

"Ta ni ìwé yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀?" ni Farabalẹ̀ béèrè nínú ṣọ́ọ̀bù. "Ọwọ́ Màmá ni," opó náà dáhùn. Ọwọ́ ìyá àgbà dúró lórí ọṣẹ.

"Màmá," Farabalẹ̀ rọra wí, "ẹni tó fẹ́ ba ọjà jẹ́ kì í kọ́kọ́ béèrè ilé. Àgbà ló ń kíni kó tó sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ yín sì ni ìwé náà wà. Ohun kan ni ò yé mi: kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ̀wé sí télọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta?"

"Mo fẹ́ kí ọjà ìyàwó mi tà ni. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi ò mọ̀ mí, òun ni wọ́n mọ̀. Òun náà ló kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, kọ̀ǹpútà ní, 'O ṣeun, Ẹlẹ́rìn-ín.' Látìgbà tó ti lọ, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ ẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí. Nígbà tí àdírẹ́sì tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ látòkè."

Opó náà bo ojú rẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n má dárúkọ ọkọ òun mọ́, torí ó ń dùn ún jù.

Farabalẹ̀ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé ọ̀daràn ti jẹ́wọ́, yóò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó gba lẹ́tà náà lórúkọ ara rẹ̀. Onígíláàsì yọ àpótí náà kúrò. Ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èsì dé: wọn ò ní tì í.

Opó náà fa àga sún mọ́ fèrèsé.

"Màmá," ó ní, "ẹ sọ fún mi. Kí ni Ẹlẹ́rìn-ín ṣe tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín?"

Ìyá àgbà gbé ọṣẹ sílẹ̀.