Ohùn Ìbíjọkẹ́ Lórí Wáyà

Orí òpó ni Mùyídéènì wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín Ìbíjọkẹ́. Ó ń so wáyà asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí ara ògiri tó ń sọ̀rọ̀, mọ́ gbọ̀ngàn ìlú Òṣogbo, nítorí ìdíje àlọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ọdún 1965 nìyẹn. Ọmọbìnrin pupa kan dúró nísàlẹ̀, ó gbé ojú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá já bọ́ ńkọ́?"

"Ṣé wàá gbà mí?"

"Kí n gbà yín kẹ̀? Ìyá mi ò bí mi fún akọ iṣẹ́!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé eyín nìkan ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Ìbíjọkẹ́ kọ́. Gbogbo ara ló fi ń rín tirẹ̀, ọkàn Mùyídéènì sì bá a lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Iléṣà ni Ìbíjọkẹ́. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀ ló ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ìdíje yẹn ló wá ṣe lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọn ò mọra rí ni wọ́n máa ń so pọ̀ kí wọ́n jọ máa já àlọ́, ẹ̀rọ á sì gba ohùn wọn sórí téèpù. Ọkùnrin tó yẹ kó bá Ìbíjọkẹ́ jókòó kò yọjú. Ni olóòtú bá na ìka sí Mùyídéènì, "Ìwọ oníwáyà, máa bọ̀!"

Àwọn méjèèjì ló gba ẹ̀bùn abọ́ tánganran. Olóòtú ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ìbíjọkẹ́, ẹ mà bára yín mu o! Bí Mùyídéènì bá ní òun fẹ́ fi ọ́ ṣaya ńkọ́?"

"Kó lọ bá bàbá mi ní Iléṣà. Ní tèmi, mo ti gbà!"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Téèpù ń yí.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ohùn ọmọbìnrin kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ìdílé ọkọ á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á san ìṣíhùn, kí ọmọge tó la ẹnu pé òun gbà. Tó bá ti ṣí ohùn fún ẹnì kan, ó tán, ó ti di tẹni náà. Ìbíjọkẹ́ wá ṣí tirẹ̀ sórí wáyà, láìgba kọ́bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Kò sì ṣe àwàdà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn ò lè jẹun kí wọ́n má ronú kan ara wọn. "Ìbíjọkẹ́ mi," ni Mùyídéènì máa ń pè é, "ìwọ ni mo máa bá dàgbà." Òun náà á ní, "Múyì, tètè rán àwọn àgbà yín o, kí ilẹ̀ tó ṣú bá wa."

Àwọn àgbà lọ lóòótọ́. Bàbá Ẹkúndayọ̀, bàbá Ìbíjọkẹ́, alàgbà nínú ìjọ, gbọ́ wọn dé òpin, ó sì ti obì padà síwájú wọn.

"Ẹ kú ìnáwó. Ọmọ mi ò lè fẹ́ Ìmàle. Mo sì ti fi í fún Ọdúntán, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, tó ń kó aṣọ wá tà láti òkè Ọya. A kì í mọ ọkọ ọmọ ká tún mọ àlè ọmọ. Èmi ti mọ ọkọ."

Ìbíjọkẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ta ló ń ka ẹkún ọmọbìnrin sí? Nígbà tí wọ́n fẹ́ san ìṣíhùn rẹ̀, ìyá Ọdúntán bèèrè lójú ẹbí gbogbo: "Ṣé ọmọ yìí ò tíì ṣí ohùn fún ẹnì kan rí?"

"Kò ṣí i fẹ́nì kan rí," ni Bàbá Ẹkúndayọ̀ wí, alàgbà nínú ìjọ.

Wáyà kò tíì dé Iléṣà nígbà náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìdíje náà níbẹ̀. Wọ́n gbé Ìbíjọkẹ́ fún ọkọ. Ó bímọ, ó tún bí òmíràn, ó tún bí. Mùyídéènì náà fẹ́ Nọ́síràtù. Ó ń bọ́ ọ, ó ń dáṣọ fún un, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó yẹ kó fún un ti bá ẹlòmíì lọ sí Iléṣà. Kí Nọ́síràtù náà ṣe?

Nígbà tó di ọdún 1974, nǹkan burú fún ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Wáyà ti dé Iléṣà, ó ti dé ibi gbogbo, àfi ìgbà tí rédíò oníbátìrì kékeré dé, tí gbogbo ayé ń gbé e kiri. Àwọn oníbàárà ń ní kí wọ́n wá já wáyà wọn kúrò lára ògiri. Ọ̀gá Béjidé kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ. Mùyídéènì ti kúrò lórí òpó nígbà náà, òun ló ń tọ́jú téèpù.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún gbé àwọn ìdíje àlọ́ àtijọ́ síta," ni Mùyídéènì wí.

"Àlọ́ tí gbogbo ayé ti mọ ìdáhùn rẹ̀? Ta ló máa gbọ́ ọ?"

"Ẹni tó mọ àlọ́ ló máa ń pariwo jù nídìí ẹ̀, sà. Wọ́n á fẹ́ gbọ́ ohùn ara wọn, ohùn ìyá wọn. Kò ní ná wa ní nǹkan kan. Rédíò oníbátìrì kò sì ní in, wáyà wa nìkan ló ní in."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i. Ọ̀gá Béjidé fọwọ́ sí i. Mùyídéènì kò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ́ ló sọ. Ó fẹ́ kí Ìbíjọkẹ́ jókòó ní Iléṣà kó gbọ́ ara rẹ̀ tó ní "mo ti gbà", kó sì mọ̀ pé ẹnì kan ní Òṣogbo kò gbàgbé. Ẹ ẹ̀ rí òmùgọ̀ bí! Ọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà káàkiri gbàgbé pé àpótí yẹn kì í sọ̀rọ̀ sétí ẹnì kan ṣoṣo.

Ó sì yọrí sí rere o. Àwọn èèyàn ń gbọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó já wáyà ń bẹ̀ pé kí wọ́n wá tún un so. Nígbà tó di ọjọ́ kan, Mùyídéènì fi téèpù tirẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ.

Ọ̀sán ni, ṣọ́ọ̀bù Ọdúntán ní Ẹrẹ́jà, ní Iléṣà, sì kún. Ìyá Ọdúntán wà lórí àga. Nínú àpótí ara ògiri, olóòtú dárúkọ wọn, ó sọ ọdún tó jẹ́. Ìbíjọkẹ́ gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀, ọ̀pá tó fi ń wọn aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tó nǹkan, ohùn náà dé: "Ní tèmi, mo ti gbà!"

Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́. Ìyá Ọdúntán dìde.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbíjọkẹ́ wà níwájú Mùyídéènì ní Òṣogbo, ó dì mọ́ ìborùn rẹ̀, ó ti rù ju ti àtijọ́ lọ.

"Mùyídéènì, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ìbíjọkẹ́ mi..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohùn àlòkù ni bàbá mi tà fún wọn. Wọ́n ní àkọ́bí mi kì í ṣe ọmọ Ọdúntán. Ìyá rẹ̀ ní n ò gbọdọ̀ wọ ilé ọmọ òun mọ́. Àwọn ọmọ mi wà nínú ilé, èmi wà níta."

"Àwa tá ò fọwọ́ kan ara wa rí!"

"Èmi pẹ̀lú ẹ la mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Dúró tì mí, jọ̀ọ́. Ìfẹ́ rẹ ti ń pa mí láti ọjọ́ yìí. Mo ṣì fẹ́ ọ."

Ìbíjọkẹ́ wò ó. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó tún le.

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Wá bá mi sọ fún àwọn ará ilé ọkọ mi pé eré ni. Pé olóòtú ló kọ́ wa ní ohun tá a máa sọ, pé o ò fẹ́ràn mi rí."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ ni. Bàbá mi ti pa tiẹ̀. Ó ku tìrẹ."

Wọ́n lọ sí Iléṣà. Ìyá Ọdúntán yá Kùráánì lọ́wọ́ aládùúgbò kan, ó ní kí Mùyídéènì fi búra. Ó ṣe àlùwàlá, ó gbọ́wọ́ lé e.

"Mi ò bá obìnrin yìí sùn rí. Mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rí. Wọ́n kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ yẹn ni."

Òótọ́ kan, irọ́ kan, ẹnu kan ló fi sọ ọ́, lórí Kùráánì. Ó mọ̀ pé òun ti ba ti ọ̀run jẹ́. Ọdúntán nu ojú, ó ní, "Ó tó. Ọmọ mi lọmọ mi. Kí ìyá wọn wọlé." Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní ó ku téèpù. Mùyídéènì mú un jáde látinú àpò. Wọ́n ní kí Ìbíjọkẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gé e. Sísọ́ọ̀sì ìránṣọ rẹ̀ ló fi gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí ilẹ̀, kò sì sunkún.

Wọ́n ní kó sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tẹ́tí.

"Ọ̀gá," ni Ìbíjọkẹ́ pè é, "ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi gbé eré yẹn síta?"

Ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ gbọ́ láyé wà lẹ́nu ọkùnrin yìí, Mùyídéènì sì mọ̀ ọ́n. Ó rí etí ìborùn ìyá àgbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Nítorí ọjà wa ni. Àwọn èèyàn ń já wáyà."

"Ṣé wọ́n ti wá ń so ó padà?"

"Wọ́n ń so ó."

Ìbíjọkẹ́ mi orí díẹ̀.

"Ẹ kú oríire o," ló wí. Ó kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, ó sì wọlé lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀.