Kẹ́ẹ̀gì Tí Olúyọmí Fi Dúpẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ẹ̀ṣẹ̀ òun kò kan ẹlòmíràn, mú un dé Ìwàrò-Ọ̀kà, kí ó wá wo ojú ìyá Olúyọmí.

Òwò abẹ́lẹ̀ ni Olúyọmí ń ṣe. Bí ilé epo bá ti tì pa, ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ ní Ìkárẹ́ á ṣí. Àwọn awakọ̀ táńkà ń já epo fún un ní kọ̀rọ̀. Nítorí pé kẹrosíìnì wọ́n, á bu bẹntiróòlù là á kí ó lè pọ̀. Àwọn tó yẹ kí wọ́n mú un, rìbá ti dí wọn lẹ́nu.

Kẹ́ẹ̀gì tó bá ti bù là, òwú pupa ló máa ń so mọ́ ọn lọ́rùn. "Màámi, ẹ má fọwọ́ kan olówùú pupa o," ló máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ bó bá kó wọn pamọ́ sílé wọn ní Ìwàrò. "Ti oníbàárà ni." Ẹ gbọ́ ná! Ṣé igi wá ni oníbàárà ni?

Matthew, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún sítóòfù ṣe ní Ìwàrò, bá a wí títí. "Olúyọmí, sítóòfù tó jóná tí wọ́n ń gbé wá bá mi ti pọ̀ jù. Jáwọ́ ńbẹ̀, kí o wá bá Jésù."

Olúyọmí rẹ́rìn-ín. "Wòlíì onísítóòfù! Jẹ́ kí n rí jẹ ná, kí n tó máa lọ sọ́run."

Ọjọ́ ìkórè pé ní ìjọ wọn ní Ìwàrò. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ń gbé iṣu, ògẹ̀dẹ̀ àti ewúrẹ́ síwájú pẹpẹ, èyí tí wọn yóò tà ní gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn. Olúyọmí kò fẹ́ kí ojú ti òun, kò sì fẹ́ fi ojúlówó epo sílẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì àbùlà kan, ó já òwú pupa ọrùn rẹ̀, ó fi ríbọ́ọ̀nù funfun rọ́pò. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Kò dúró de gbàǹjo; táńkà ń retí rẹ̀ ní Ìkárẹ́.

Ní aago mẹ́rin, Matthew pè é. "Ò bá dúró wo Màmá lónìí! Bí àwọn ará ìjọ ṣe ń fowó lé e ni Màmá ń fi tiwọn lé e. Màmá ní ọrẹ ọmọ àwọn kò ní wọ ilé ẹlòmíràn. Wọ́n ti gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ lọ sílé."

Olúyọmí gé ìpè náà. Ó pe ìyá rẹ̀, fóònù kò lọ. Ó tún pè, kò lọ. Ó pe Matthew padà. "Sáré lọ sílé wa! Àbùlà ni! Má jẹ́ kí wọ́n ṣáná!" Ó fò mọ́ ọ̀kadà. Títí wọ́n fi dé Ọ̀kà ló ń kígbe, "Olúwa, gbà mí!"

Kí ó tó dé, iná ti ṣẹ́ yọ. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé iṣu kaná fún iyán àlejò ìkórè. Ó wo ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kò rí òwú pupa, ó rọ epo náà sí sítóòfù. Matthew ló fi aṣọ tútù pa iná lára rẹ̀.

Ní ọsibítù, báńdéèjì bo ojú àti ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó wá kí i ń ṣépè fún ẹni tó ta epo.

"Ẹ má ṣépè," ni ìyá náà ń wí. "Epo ọmọ mi ni. Kò lè lábùkù. Èmi ni mi ò mọ sítóòfù tàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa Olúyọmí. Ó jáde, ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn ọsibítù, ó ń forí gbálẹ̀. "Matthew, Ọlọ́run ò lè gbà mí mọ́. Mo fi ẹ̀tàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dáná sun ìyá mi."

Matthew kúnlẹ̀ tì í. "Òótọ́ ni, o ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Jésù kì í ṣe àbùlà. Ó tó fún èyí náà."

Níbẹ̀ ni Olúyọmí ti fi omijé ronú pìwà dà, tó fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Ó wọlé padà, ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá bi í pé, "Ta lo tún tà á fún?"

Olúyọmí kò dúró jẹun. Òun àti Matthew ń lọ láti ilé dé ilé, láti Ìkárẹ́ títí dé Ẹpinmi, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń gba kẹ́ẹ̀gì padà. Ilé kan wà tí wọn kò tètè dé; iná ti ṣẹ́ yọ níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Láti ibẹ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá epo kọ́ lò ń tà. Bóyá òògùn tó ti bàjẹ́ ni, tàbí òṣùwọ̀n èké. Ríbọ́ọ̀nù funfun wo lo so mọ́ ọn níwájú Ọlọ́run? Jésù mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ, síbẹ̀ ó ń pè ọ́. Wá lónìí. Iná kì í dúró de ẹni tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o jẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o dáhùn ìbéèrè ìyá Olúyọmí: ta lo ti tà á fún?