Igi Ọmọ̀ tí Bàbá Kifayat Fẹ́ Gé

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Kàmál fojú kan Kifayat, igi ni ọmọbìnrin náà gbá mọ́ra. Ó na apá méjèèjì yí ìdí igi ọmọ̀ ńlá kan ká nínú ọgbà igi tí Kàmál ń tọ́jú ní Iléṣà, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti èèpo rẹ̀, ìborùn rẹ̀ sì ti yọ̀ sí èjìká.

"Arábìnrin, ṣé ẹ̀yin àti igi yìí ti mọra tẹ́lẹ̀ ni?" ni Kàmál bi í.

Ó fò sókè, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Mo ń wọ̀n ọ́n fún bàbá mi ni. Wàláà táwọn ọmọ iléekéwú fi ń kàwé ni wọ́n ń gbẹ́, ní Òṣogbo. Wọn ò rí igi ọmọ̀ mọ́."

"Èyí kì í ṣe fún gígé o. Torí igi tó ń tán lóko la ṣe dá ọgbà yìí sílẹ̀, kó lè ṣẹ́ kù síbì kan."

Bó ṣe di pé Kifayat ń wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Old Garage, ní Òṣogbo, wá sí Iléṣà ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Wọ́n á jókòó sábẹ́ ìbòòji igi náà, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́, òdòdó á máa rẹ̀ sí wọn lára.

"Bàbá Onígi, ṣé wọ́n ń sanwó fún ẹ kó o máa wo ewé ni?" Kifayat á bi Kàmál.

"Ìwọ ńkọ́, tó ò ń wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́?"

Nígbà tí Alàgbà Àjàgbé, bàbá Kifayat, ní òun fẹ́ wá wo ọkùnrin tí ọmọ òun fẹ́ fẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, oorun dá lójú Kàmál. Bàbá dé, wọn ò tilẹ̀ wò ó. Igi ni wọ́n ń wò. Wọ́n fi ìka kàn án kó, kó, kó.

"Ọmọ mi lo fẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Gé igi yìí fún mi, ká lọ mú ọjọ́ yìgì."

Kàmál bọ́ sáàárín bàbá àti igi náà. Kifayat ń wolẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, mi ò lè gé e. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń so. Bí mo bá gé e, irú ẹ̀ tán nìyẹn."

Bàbá fa ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Kàmál pe fóònù Kifayat títí, kò wọlé. Ó gbàgbé oúnjẹ. Àfi lọ́jọ́ kan tí Kifayat pè: "Bàbá ní kó o máa bọ̀." Kò mọ̀ bóyá èébú ni wọ́n fẹ́ bú òun. Ó gbé igi ọmọ̀ kékeré kan tó hù nínú ọ̀rá lé itan nínú ọkọ̀ títí dé Òṣogbo.

Alàgbà Àjàgbé jókòó sáàárín èérún igi. "Kí nìyẹn?"

"Èso igi ọjọ́sí ni mo gbìn tó hù, sà."

"Ìgbà wo ló máa tó gbẹ́? Ṣé màá wà láyé?"

"Àwọn ọmọ wa á wà, Bàbá," ni Kifayat sọ láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó gbọ́ ohun tó tẹnu òun jáde, ó fọwọ́ bojú.

Bàbá gba igi kékeré náà lọ́wọ́ Kàmál, wọ́n yí i wò.

"Inú bí mi délé lọ́jọ́ náà," ni wọ́n wí. "Mo wá rò ó. Gbogbo ẹni tí mo bẹ̀ ló ń gé igi fún mi. Òun náà ni ò jẹ́ kí n rí igi mọ́."

Wọ́n na ọkọ́ sí Kàmál, wọ́n tọ́ka sẹ́yìnkùlé.

"Gbẹ́ kòtò ẹ̀ jìn dáadáa. Kifayat, ṣé o máa dúró máa wòran ni? Bu omi wá fún ọkọ ẹ."