Iná Tó Ń Hó Nínú Dígí

Òòrùn ọ̀sán ń yọ́ ọ̀dà lójú títì Agbogbloshie ní Gánà, ṣùgbọ́n súẹ́tà ni Àkànó wọ̀. Ó gbé àga síbi tí òòrùn ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù, eyín rẹ̀ sì ń lu ara wọn kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

Fáòsíà àbúrò rẹ̀ kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, ṣé Lọ́ńdọ́nù lẹ wà ni? Ẹ bá wa kí wọn o."

"Òtútù ń mú mi," ni Àkànó wí jẹ́jẹ́.

Fáòsíà fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó tutù bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fìríìsà. Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọmọbìnrin náà.

Àlòkù irin ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń tà. Wọ́n á fọ́ àwọn sípíkà tó ti bàjẹ́, wọ́n á yọ òòfà inú wọn, wọ́n á so ó mọ́ okùn, wọ́n á sì máa wọ́ ọ nílẹ̀ kiri kí ó lè ṣa ìṣó àti àwọn irin wẹ́wẹ́. Nítorí òòfà yìí ni àlejò kan ṣe wá bá wọn. Ó ní Àlàmú lorúkọ òun. Ó ní òun ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Cow Lane kí wọ́n tó lé àwọn Alata, ìyẹn àwọn Yorùbá, kúrò ní Gánà lọ́dún 1969, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò dàgbà ju ti Àkànó lọ. Dígí roboto kan ló gbé dání, ó rí bíi tìúbù kẹ̀kẹ́. Iná aláwọ̀ àlùkò ń sáré yípo nínú rẹ̀, kò sì sí wáyà kankan lára rẹ̀.

Ó ní kí Àkànó tẹ àwọn irin bí ọrun tí ọdẹ fà, kí ó lẹ òòfà mọ́ wọn, kí ó fi nọ́ọ̀tì dè wọ́n yí dígí náà ká. Ibi tí okùn ọrun ì bá wà ni kó kọjú sí ihò àárín, kí ibi tó yọ bí ikùn wà níta.

"Òòfà ló di iná náà mú," ni ó wí. "Bí a bá ṣe tò ó ni iná á ṣe hùwà."

Àkànó tò ó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni iná ọ̀hún ti ń hó, tó ń ru bí kókó tó fẹ́ dà nù nínú ìkòkò. Láti ìgbà náà sì ni òtútù ti wọ Àkànó lára. Nọ́ọ̀sì fi tẹmomítà wọn ara rẹ̀ wò, ó gbọn nǹkan náà, ó tún un wọ̀n, ó sì ní àfi kí òun lọ wá òmíràn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yìí, ìka ọwọ́ rẹ̀ kò ká mọ́.

Fáòsíà ti fẹ́ fọ́ dígí náà. Àlàmú ló rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iná tó bá ń hó, ooru rẹ̀ ń jò. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fi ń dí i. Fọ́ ọ, kí ooru ara rẹ̀ bá a lọ tán."

Ṣùgbọ́n Fáòsíà kì í rí àga kó má wá ohun tí yóò fi sábẹ́ tìmùtìmù rẹ̀. Ó fi omi inú ọ̀rá sábẹ́ ti Àlàmú, kí ó lè bẹ́, kí ṣòkòtò ọkùnrin náà sì tutù níwájú àwọn oníbàárà. Àlàmú dé, ó jókòó síwájú iná. Omi kò bẹ́. Nígbà tó dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, Fáòsíà fa ọ̀rá náà yọ. Omi inú rẹ̀ ti di yìnyín, ó le bí òkúta.

Ó wo yìnyín náà, ó wo ẹ̀yìn àlejò. Ó wá mọ ẹni tí ooru tó ń jò ń lọ sí lára.

Ó rántí pé bí wọ́n bá ṣe tò ó ni iná á ṣe hùwà, ó sì mú sípánà. Ó tú irin kìíní, ó sì yí i padà: ikùn sínú, okùn síta.

"Ọmọdé," ni Àlàmú wí láìbojú wẹ̀yìn, "mo ní kí o má fọwọ́ kàn án."

"Àwa ọmọdé, ibi tí wọ́n bá ní ká má fọwọ́ kàn gan-an lọwọ́ wa máa ń yún wa sí, sà."

Ó ń tú u, ó ń yí i. Iná náà kùn, ó fò lu dígí, ó tún lọ́ra. Bí ó ti yí èyí tó kẹ́yìn, híhó dáwọ́ dúró. Iná náà sùn sáàárín dígí, ó dán, ó parọ́rọ́, bí òwú tí wọ́n ta gbọnrangandan. Ooru rẹ̀ kò jò mọ́.

Àkànó húkọ́. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀.

Àlàmú yíjú padà. Yìnyín wẹ́wẹ́ ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀. "Dá ẹyọ kan padà," ni ó bẹ̀bẹ̀. "Ẹyọ kan péré."

"Fáòsíà, ẹni tó jù ọ́ lọ ni," ni Àkànó wí.

Fáòsíà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Rárá."

Ẹnu Àlàmú là, yìnyín dí i. Bẹ́ẹ̀ ló dúró, ó le gbagidi.

Nígbà náà ni ọwọ́ púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan páànù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, jẹ́jẹ́. Fáòsíà yọjú níbi ihò. Èrò ló kún ẹ̀yìn ilé nínú òòrùn, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n wọ kóòtù, kò sí ẹni tó làágùn. Àwọn kan ń sọ ọ́ ní Hausa, àwọn kan ní Twi, àwọn kan ní Yorùbá Cow Lane àtijọ́, ohun kan náà ni: òtútù ń mú wa, jẹ́ kó hó díẹ̀.

Fáòsíà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti ń bọ́ súẹ́tà. Fáòsíà fi sípánà fún nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn le dáadáa, ó wá fi ẹnu sí ihò páànù náà.

"Ẹ kú ìdúró o," ni ó wí fún wọn.