Ohùn Tó Kí Mi Kú Iṣẹ́

Kọ̀ǹpútà náà gbóná nígbà tí wọ́n gbé e ka orí tábìlì mi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, mo tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó gbóná wọ́ọ́rọ́, bí àga tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin tó gbé e wá pé ìgbà wo ni wọ́n tàn án kẹ́yìn. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún.

"Á jẹ́ pé oòrùn ló pa á lójú ọ̀nà," ni mo wí.

Ó ní bóyá. Bẹ́ẹ̀ òjò ló ń rọ̀ láti àárọ̀, omi ṣì ń kán tótó láti etí aṣọ rẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ojo ló ń ròyìn. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìyá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin ń fi mí rẹ́rìn-ín pé kí ni obìnrin ń wá nídìí wáyà. Nígbà tó yá, àwọn náà ló ń yọ́ gbé tiwọn wá. Ẹnu mi sì mú, mi ò ní parọ́. Bàbá Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi máa ń sọ pé abẹ tí òun fi ń fárí ò mú tó ẹnu mi. Ẹnu yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mi kan ṣoṣo lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, ẹnu náà ló sì jogún. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni lórí rédíò, ní ìlú tó jìnnà síbí. Ohùn rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Aránṣọ ni ọmọbìnrin tó gbé kọ̀ǹpútà wá, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. Mo ní kó jókòó.

"Ìyá mi ò lè sọ̀rọ̀, mà," ló wí. "Ọmọ ọdún kan ni mí nígbà tí ohùn wọn lọ. Àwọn dókítà yẹ ọ̀fun wọn wò títí, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n wọn ló sọ fún mi pé kí ó tó ṣẹlẹ̀, wọ́n máa ń kọrin sínú kọ̀ǹpútà yìí, wọ́n á wá fi rẹ̀ mí sùn. Mi ò mọ ohùn ìyá mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí n tó bímọ."

"Ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o gbé e wá?"

Ó wolẹ̀. "Abẹ́ ibùsùn ni wọ́n gbé e pamọ́ sí, aṣọ méjì ni wọ́n fi wé e. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n gbá mi létí. Ìyẹn nìkan ni ìgbà tí wọ́n tíì gbá mi létí láyé mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti là mí lójú. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹta.

Mo tú kọ̀ǹpútà náà. Háàdì ni àwa oníṣẹ́ ń pe àpótí irin pẹlẹbẹ tó ń tọ́jú gbogbo nǹkan sínú rẹ̀. Ti inú èyí ti dógùn-ún létí, síbẹ̀ nígbà tí mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, ó yí wọ́ọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n pa á.

Òfin méjì ni mo ní nídìí iṣẹ́ yìí. Mi kì í tú nǹkan oníbàárà wò. Fáìlì kan péré ni mo máa ń ṣí láti mọ̀ pé iṣẹ́ yege. Bákan náà, ohunkóhun tí mo bá yọ, ẹ̀dà méjì ni. Ọ̀kan á wà lọ́dọ̀ mi, ìkejì á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sínú kọ̀ǹpútà tó wà nílé ọmọ mi. Bí ọ̀kan bá yí padà, èkejì náà á yí. Iná ti jó ṣọ́ọ̀bù mi rí, mo ti jókòó ti eérú àwòrán ìgbéyàwó àwọn èèyàn sunkún, mo sì búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ti ṣètò rẹ̀ débi pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rántí rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, iṣẹ́ parí. Mo retí orin púpọ̀. Fáìlì ohùn kan ṣoṣo ló jáde.

Mo tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, mo sì yíjú sí kọ̀ǹpútà mìíràn tí mò ń de nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́. Kò kọ́kọ́ sí ohùn kankan. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró aṣọ, bí ìgbà tí èèyàn bá fi èjìká ta kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà wọlé. Obìnrin kan sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òo," ni mo dáhùn, mi ò gbójú sókè. "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ jókòó, mò ń bọ̀."

Ẹ sọ fún mi, ta ni wọ́n máa kí kú iṣẹ́ tí kò ní dáhùn? Ẹnu ló ń dáhùn, kì í ṣe ọpọlọ. Wọ́n ti fi kọ́ wa láti kékeré, ẹni tí kò bá dáhùn ìkíni, wọ́n á ní ilé rẹ̀ ni kò ti gba ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo de nọ́ọ̀tì tó kù tán, mo gbójú sókè. Kò sí ẹnì kan lórí àga. Ilẹ̀kùn wà ní pípadé nítorí òjò, bí mo ṣe pa á dé, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì ní kọ́tìnnì.

Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín. Mo ní, ìwọ obìnrin yìí, o ti ń darúgbó, o ń dá fáìlì lóhùn. Mo tún un tẹ̀, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ìró aṣọ. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ohùn mi ni. Èmi tí mi ò kí ẹnikẹ́ni kú iṣẹ́ láti òwúrọ̀. Ohùn mi gan-an, pẹ̀lú bó ṣe ń há díẹ̀ níparí ọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ ké "yéè". Mo la ẹnu, mo ti èémí jáde, kò sí nǹkan kan lórí èémí náà. Mo wúkọ́, ikọ́ náà ò dún. Mo fi ọwọ́ di ọ̀fun mi mú, kò dùn mí, kò wú. Ó kàn dà bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Àsìkò yẹn ni Bàbá Onígbàjámọ̀ ti ilẹ̀kùn wọlé. "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Mo ń wò ó, omi ń bọ́ lójú mi.

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́." Ó dúró. "Háà. Kí ni mo ṣe fún yín lónìí? Ó dáa o. Ẹni tí kò fẹ́ dáni lóhùn, a ò lè fi tipátipá là á lẹ́nu." Ó bínú jáde.

Kò tíì pẹ́ tó lọ tí ẹsẹ̀ fi ń dún lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ eré. Aránṣọ náà ló kọ́kọ́ wọlé, ó di ikùn rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mà, ìyá mi sọ̀rọ̀! Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń bá mi ti òwú bọ̀, wọ́n kàn ṣàdédé pè mí, wọ́n ní 'ọmọ mi'! Ẹ̀yin lẹ mú oríire yìí wá!"

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà. Inú òun ò dùn. Ojú mi ló ń wò.

"Ẹ dá a lóhùn, àbí?" ló bi mí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ohùn tó kí mi kú iṣẹ́ nìyẹn. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Dá ta lóhùn?" ni ọmọ rẹ̀ bèèrè.

Ìyá náà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, ní iwájú mi, èmi tí a jọ fẹ́ẹ̀ẹ́ dọ́gba lọ́jọ́ orí. Ó ní àlòkù ni òun ra kọ̀ǹpútà náà. Ó ní lọ́jọ́ kan tí òun ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀, ohùn ọkùnrin kan kí òun nínú rẹ̀, òun sì dáhùn. Òun ò mọ ọkùnrin náà, òun ò sì mọ ẹni tó kí ọkùnrin náà ṣáájú.

"Ẹni tó bá dáhùn ni ohùn rẹ̀ ń wọ ibẹ̀," ló wí. "Tẹni tó wà níbẹ̀ á sì jáde. Ǹ bá ti gbé e fún ẹlòmíràn láti ọjọ́ yìí. Ọlọ́run gbọ́, mi ò ṣe é. Mo ní kó parí sọ́dọ̀ mi. Ẹ dákun, ẹ ṣí i. Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn padà. Àìsọ̀rọ̀ ti mọ́ mi lára."

Aránṣọ náà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń wò mí, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀ kedere. Kò tíì gbọ́ ohùn yẹn fún wákàtí kan.

Mi kì í ṣe ẹni mímọ́. Ó wù mí kí n ṣí i. Ṣùgbọ́n mo fa ìwé kan, mo kọ ọ́ sí i pé: "Ẹ lọ kọrin fún ọmọ ọmọ yín." Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lẹ́yìn kí n tó yí èrò padà.

Mo ti háàdì náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo sì tọ́jú fáìlì náà. Mi ò jẹ́ pa á rẹ́. Bí mo bá pa á rẹ́, ta ló mọ ibi tí ohùn mi máa gbà?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Mo so páálí mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ọ̀fun ń dùn mí, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá fẹ́. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Aránṣọ bímọ, obìnrin ni, nígbà tí mo bá sì ń kọjá níwájú ilé wọn, mo máa ń gbọ́ tí ìyá àgbà ń kọrin fún un. Inú mi ń dùn, ó sì ń ta mí lára. Ọmọ mi ń pè mí lórí fóònù, mi ò gbé e. Mo ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i pé ọ̀fun ni. Ó kọ ọ́ padà pé, "Màámi, ẹ gbé fóònù. Bó jẹ́ pé ẹ fẹ́ bú mi ni, ẹ bú mi, kí n ṣáà gbọ́ ohùn yín."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ tábìlì.

"Yéè!"

Mo dúró gbagidi. Mo tún un wí. Yéè. Yéè! Mo bú sẹ́kún, ẹkún náà dún! Bàbá Onígbàjámọ̀ sáré wọlé pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, mo sì bá a wí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ pé ta ló ń fi abẹ wọ ilé onílé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ.

Mo pe ọmọ mi. Ó gbé e kíá.

"Ọmọ mi! Ìyá rẹ ti dé o! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Kò fèsì. Mo gbọ́ tí ó ń fi èékánná lu fóònù, kó, kó, kó. Ó pa á. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

"Màámi, mo rí fáìlì kan lára àwọn tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ohùn yín ni. Ẹ kí mi kú iṣẹ́. Inú mi dùn, mo sì dáhùn. Ohùn mi ò jáde mọ́. Aago mẹ́ta ni ètò mi lórí rédíò. Kí ló dé?"

Ẹ̀dà kejì. Èmi tí mo ti dúrọ́ọ̀ pa, tí mo ro ara mi sí ọlọ́gbọ́n.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Kí n tó tẹ fáìlì náà, mo pe orúkọ ọmọ mi sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu mi. Mo wá tẹ̀ ẹ́. Ìró aṣọ. Ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀, bó ṣe máa ń kí mi nígbà tó bá ti ilé ìwé dé, tó gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òo, ọmọ mi," ni mo wí. "Káàbọ̀."

Ní aago mẹ́ta, mo gbọ́ ọ láti inú rédíò Bàbá Onígbàjámọ̀. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ geere. Mo fi orí ti ògiri, mo gbọ́ ọ títí ó fi parí.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i bí mo ṣe kọ ọ́ fún yín yìí. Mo ní kó má ṣí fáìlì náà mọ́ láé, kó fọ́ kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé, "Mo ti gbọ́, Màámi." Kò sọ pé òun ti fọ́ ọ.

Ọmọ mi ni, mo mọ agídí rẹ̀: ó lè dáhùn padà nítorí mi. Ní àràárọ̀ tí mo bá jí, kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, mo máa ń la ẹnu, mo máa ń pe orúkọ rẹ̀. Lónìí, kò dún. Mo dúpẹ́.